Bí Ìjọba Bá Fẹ́ Gba Oko Bàbá Rẹ: Ẹjọ́ Olóyè Olúwa àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kọ́ Wa

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó tètè ń gbóná ní ilẹ̀ Yorùbá bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì lè máa jẹun nínú àwo kan náà fún ogún ọdún. Bí ọ̀rọ̀ ààlà oko bá wọ àárín wọn, olúkúlùkù á gbé àwo tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ méjì bá ń jà sí ààlà, bàálẹ̀ lè là wọ́n, ọba lè là wọ́n, kóòtù náà sì wà níbẹ̀. Èyí tí ó le jù ni ìgbà tí ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ bá jẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀, tí ó mú òfin lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ó mú ọlọ́pàá lọ́wọ́ òsì.

Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí. Àgbẹ̀ á lọ sí oko ní òwúrọ̀, á bá òpó sìmẹ́ńtì kékeré kan tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀ láàárín ebè iṣu. Kò pẹ́, àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ á dé pẹ̀lú okùn àti ẹ̀rọ ìwòran wọn. Bí ó bá bi wọ́n, wọ́n á ní, “Bàbá, ìjọba ló rán wa o.” Ó parí. Kò mọ ọ́fíìsì tí yóò lọ, kò mọ ẹni tí yóò bi léèrè. Àwọn kan á fa àdá yọ, àwọn mìíràn á ká ọwọ́ lé orí. Ọ̀nà méjèèjì kò dára. Ẹni tí ó fa àdá yọ á sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ilẹ̀ náà á sì lọ. Ẹni tí ó ká ọwọ́ lé orí ńkọ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀nà kẹta wà. Òun ni ti ẹni tí ó mọ ohun tí òfin wí, tí ó kó ẹ̀rí rẹ̀ jọ, tí ó sì fi sùúrù tọ ọ̀ràn rẹ̀ dé òpin. Àgbà kan ní Èkó tọ ọ̀nà yìí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó sì borí ìjọba òyìnbó ní ìlú òyìnbó. Ìtàn rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ sọ, kí a tó wá sí ohun tí òfin wí lónìí.

ILẸ̀ ÀPÁPÁ

Kí Àpápá tó di ibi tí ọkọ̀ òkun ńláńlá ń já ẹrù sí, oko àti abúlé ni ibẹ̀. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ìtọ́jú Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ, ìyẹn àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí ìtàn Èkó sọ pé láti ìdílé Ọlọ́fin ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, tí ilẹ̀ Èkó sì pín sí ọwọ́ wọn. Àwọn ọmọ ilé Olúwa ń dáko níbẹ̀. Àwọn àlejò tí a fún láyè náà ń dáko, wọ́n sì ń mú ìṣákọ́lẹ̀ wá fún olóyè gẹ́gẹ́ bí àṣà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kì í ṣe pé inú ọba dùn sí i: ọkọ̀ ogun òyìnbó wà lórí omi nígbà náà, gbogbo ìlú sì mọ ohun tí ìbọn rẹ̀ lè ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn tán. Nígbà tí ọba fi ìlú lé òyìnbó lọ́wọ́, ǹjẹ́ ó fi oko olúkúlùkù lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú bí?

Ní ọdún 1903, ìjọba ṣe òfin kan tí ó fún un ní agbára láti gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, kí ó sì san owó gbà-má-bínú fún onílẹ̀. Ní ọdún 1913, ó lo òfin yìí láti gba ilẹ̀ Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí ó jẹ́ Olúwa nígbà náà, kò sọ pé kí ìjọba má gba ilẹ̀ rárá. Ohun tí ó wí ni pé bí wọ́n bá fẹ́ gbà á, kí wọ́n san owó ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ní ilẹ̀ kì í ṣe ti Olúwa. Ìṣákọ́lẹ̀ ni tirẹ̀. Wọ́n ní ó jẹ́ olóyè tí ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn tí ń dáko, nítorí náà owó àǹfààní kékeré yẹn nìkan ni ó tọ́ sí i. Ó dà bí ẹni tí ó gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, tí ó wá ní owó okùn ni òun yóò san, nítorí pé okùn ni òun bá lọ́wọ́ rẹ̀. Olúwa gbé ọ̀ràn náà lọ sí kóòtù ní Èkó, adájọ́ àgbà dá ìjọba láre. Ó tún pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ tún dá ìjọba láre.

OLÚWA KỌJÁ ÒKUN

Ẹlòmíràn ì bá ti gba kámú. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó mọ̀ pé bí Olúwa bá ṣubú, kò sí onílẹ̀ kan tí yóò dúró. Ilé ẹjọ́ kan ṣoṣo ni ó kù tí ó ga ju ti Èkó lọ, èyí ni ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ọba ní London, tí a ń pè ní Privy Council. Ní ọdún 1920, Olóyè Olúwa wọ ọkọ̀ òkun lọ sí London. Herbert Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀.

Kì í ṣe ènìyàn lásán ni ó mú dání. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni Macaulay. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti ṣe iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fún ìjọba ní Èkó rí kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1898. Ó mọ ìwé ilẹ̀ ìjọba nínú, ó mọ̀ ọ́n lóde. Ó tún mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ dání, kí àwọn ará London lè mọ̀ pé ìlú ni ó rán wọn.

Ọ̀pá yìí dá wàhálà sílẹ̀. Macaulay sọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ ní London bí ẹni pé ọba gbogbo Nàìjíríà ni. Inú bí ìjọba Èkó. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́kọ rán akéde káàkiri ìlú kí ó sọ pé òun kò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ Macaulay. Ẹlẹ́kọ kọ̀. Ìjọba sì ní àwọn kò kà á sí mọ́, wọ́n gé owó oṣù rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹjọ́ ilẹ̀ oko kan dé orí ọba.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Júláì, ọdún 1921, ìdájọ́ jáde láti ẹnu Viscount Haldane. Olúwa jàre. Ohun mẹ́ta ni ó jẹ́ kókó ìdájọ́ náà.

Èkíní, wọ́n ní kí adájọ́ má ṣe fi ojú àṣà Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ilẹ̀ wa, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, ti abúlé tàbí ti ìlú. Olóyè tàbí olórí ẹbí jẹ́ alábòójútó tí ó di ilẹ̀ mú fún gbogbo wọn.

Èkejì, wọ́n ní bí ìlú bá ti ọwọ́ ọba kan bọ́ sí ọwọ́ ọba mìíràn, ohun ìní àwọn ará ìlú kò bá a lọ. Ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ní ọdún 1861 kò sọ oko ẹnikẹ́ni di ti òyìnbó.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí a ṣírò owó gbà-má-bínú náà bí ẹni pé ilẹ̀ pátápátá ni Olúwa àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tọ́ ìṣákọ́lẹ̀ nìkan. Owó tí ìjọba wá san jẹ́ £22,500. Owó ńlá ni ní ìgbà náà.

Ìdájọ́ yìí kò dúró sí Èkó. Ní ọdún 1973, nígbà tí àwọn Nisga'a, àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà, gbé ìjọba wọn lọ sí kóòtù nínú ẹjọ́ Calder, wọ́n tọ́ka sí ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání. Ní ọdún 1992, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Ọsirélíà dá ẹjọ́ Eddie Mabo, tí ó ní àwọn dúdú ilẹ̀ náà ní ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, wọ́n tún tọ́ka sí i. Ilẹ̀ oko Àpápá ti di ìwé tí àwọn adájọ́ ayé ń ṣí.

ÒFIN ỌDÚN 1978

Wàyí o, ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ẹjọ́ Olúwa ti tó láti gba òun lónìí, kí ó fara balẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Máàṣì, ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Òfin náà sọ pé gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní ọwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀ náà, kí ó dì í mú fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ilẹ̀ ìgboro wà lábẹ́ gómìnà. Ilẹ̀ oko àti ti abúlé wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Àwọn tí ó ṣe òfin náà ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní àwọn olówó ń ra ilẹ̀ pamọ́ kí wọ́n lè tà á ní ọ̀wọ́n, àti pé bí ìjọba bá fẹ́ kọ́ ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn, owó ilẹ̀ nìkan ni ó ń jẹ owó iṣẹ́ náà tán. Irọ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí òfin náà wúwo fún jù ni àgbẹ̀ tí kò ra ilẹ̀ pamọ́, tí kò ní ju oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Síbẹ̀, òfin náà kò lé àgbẹ̀ kúrò ní oko rẹ̀. Ẹsẹ kẹrìndínlógójì, ìyẹn 36, sọ pé ẹni tí ó bá ti ń dáko lórí ilẹ̀ oko kí òfin tó dé, yóò máa lò ó lọ bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó fi fún un. Ó tún sọ pé bí ó bá ya àwòrán ilẹ̀ náà tàbí tí ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ tó, tí ó kọ ìwé lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, tí ọ̀ràn náà sì dá wọn lójú, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àgbẹ̀ mélòó ni ó mọ̀ pé ààyè yìí wà? Mélòó ni ó ti lò ó?

OWÓ GBÀ-MÁ-BÍNÚ: KÍ NI ÌJỌBA Ń SAN?

Ibi tí bàtà ti ń ta ni ẹsẹ̀ jù nìyí. Òyìnbó pàápàá, lẹ́yìn ìdájọ́ Olúwa, san owó ilẹ̀. Òfin ọdún 1978 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lórí ilẹ̀ lásán, iye tí onílẹ̀ san fún ìjọba gẹ́gẹ́ bí owó ilẹ̀ ní ọdún tí a gba ilẹ̀ náà ni òfin ní kí a dá padà fún un. Àgbẹ̀ tí kò san owó ilẹ̀ kankan fún ìjọba ńkọ́? Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Òdo ni.

Lórí ilé, àká, kànga àti irú wọn, iye tí yóò ná ènìyàn láti kọ́ òmíràn ni wọn yóò ṣírò, wọn yóò sì yọ ti ogbó kúrò. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó san án, èlé wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti báǹkì.

Lórí irè oko, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀ràn náà wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni yóò dá iye lé e. Igi kòkó, ọ̀pẹ, obì, ọsàn, iṣu, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò kà. Ohun tí wọn kò bá kà, wọn kò ní san owó rẹ̀. Nítorí náà ni ọjọ́ kíkà fi ṣe pàtàkì ju ọjọ́ gbígba owó lọ. Bí onílẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, igi àádọ́ta lè di igi ogún nínú ìwé.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò mọ̀. Òfin náà sọ ní ẹsẹ 6 pé bí ìjọba ìbílẹ̀ bá gba ilẹ̀ tí ènìyàn fi ń dáko, kí ó fún un ní ilẹ̀ mìíràn tí yóò máa fi dáko. Kì í ṣe àánú ni, òfin ni. Ẹni tí kò bá béèrè ni wọn kì í fún.

Bí iye owó kò bá tẹ́ ènìyàn lọ́rùn, òfin ní kí ó gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ọ̀ràn ilẹ̀ ní ọ́fíìsì gómìnà, ó sì ní kí kóòtù má yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó tàbí kò tó. Ṣùgbọ́n Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní ẹsẹ 44, sọ pé a kò gbọdọ̀ gba ohun ìní ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a san owó gbà-má-bínú fún un kíákíá, kí a sì fún un ní ààyè láti lọ sí kóòtù lórí iye owó náà. Àwọn lọ́yà ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, nítorí pé ìwé òfin kan náà ni ó tún dáàbò bo Òfin Lílo Ilẹ̀ kí a má bàa tètè yí i padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ilẹ̀kùn kóòtù ti tì pa.

OHUN TÍ ÌJỌBA KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Agbára gómìnà pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Iṣẹ́ ìlú nìkan ni ó lè tìtorí rẹ̀ gba oko ẹni tí kò rú òfin: ọ̀nà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, omi ẹ̀rọ, òpó epo, iṣẹ́ ìdàgbàsókè àti irú wọn. Kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ Táíwò kí ó fi fún Kẹ́hìndé.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ọ̀rọ̀ yìí gbangba ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàárín Osho àti Foreign Finance Corporation. Wọ́n ní bí a bá fi orúkọ iṣẹ́ ìlú gba ilẹ̀ ẹnìkan, tí a sì gbé e fún ilé iṣẹ́ aládàáni, òtúbáńtẹ́ ni. Ní ọdún 2006, nínú ẹjọ́ CSS Bookshops tí ó ti Port Harcourt wá, ilé ẹjọ́ kan náà tún sọ pé ìwé tí a fi gba ilẹ̀ gbọdọ̀ sọ iṣẹ́ ìlú tí a fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe. Kò tó kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé “fún àǹfààní ìlú.”

Bákan náà, ìjọba gbọdọ̀ fún onílẹ̀ ní ìwé. Wọ́n lè fi lé e lọ́wọ́, wọ́n lè fi sílẹ̀ ní ilé rẹ̀, wọ́n sì lè fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní lẹ́tà tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òpó sìmẹ́ńtì inú ebè kì í ṣe ìwé. Ariwo tí katakata ń pa kì í ṣe ìwé.

Bí ìjọba kò bá tẹ̀lé ìlànà yìí, tí àwọn olóko náà kò sì rí ẹni gbọ́ tiwọn, ohun tí ó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ jáde kì í dára. Ní Bakolori ní ilẹ̀ Sókótó ìgbà náà, ìjọba kọ́ ìdídò ńlá kan kí àgbẹ̀ lè rí omi bomi rin oko. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n omi gba oko àwọn kan, katakata tú oko àwọn mìíràn, owó gbà-má-bínú kò sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ dínà, ìjọba rán ọlọ́pàá sí wọn ní ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bọ́. Ìdídò tí a kọ́ fún àgbẹ̀ wá di ohun tí a pa àgbẹ̀ sí.

Ẹ̀BI TIWA NÍNÚ Ọ̀RÀN NÁÀ

Bí a bá bá ìjọba wí, ó yẹ kí a bá ara wa wí pẹ̀lú. Owó ilẹ̀ mélòó ni ìjọba ti san tí kò dé ọwọ́ àwọn tí ó ni ín?

Òfin gbà pé bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti gbogbo ẹbí tàbí ti ìlú, a lè san owó náà fún olórí wọn, kí ó pín in gẹ́gẹ́ bí àṣà. Alábòójútó ni ìdájọ́ ọdún 1921 pe olóyè, kò pè é ní aláàjẹtán. Ṣùgbọ́n àwọn olórí ẹbí kan wà tí wọ́n máa ń gba owó ní ọ̀sán, tí wọ́n á ra mọ́tò ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á sì ní ìjọba kò tíì san nǹkan kan. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Àwọn mìíràn á yọ àwọn ọmọ obìnrin sílẹ̀. Wọ́n á ní, “Ìwọ ti lọ sí ilé ọkọ, kí lo ń wá nínú owó ilẹ̀?” Èyí kò tọ́. Láti ọdún 1924, nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez ní Èkó, kóòtù ti sọ pé ọmọ obìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ ẹbí bàbá rẹ̀ bíi ti ọmọ ọkùnrin.

Àwọn àlejò tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ kò di tiwọn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1991 nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi òógùn rẹ̀ gbin kòkó, òun ni owó kòkó náà tọ́ sí. Onílẹ̀ tí ó bá fi orúkọ ara rẹ̀ gba owó irè oko àlejò rẹ̀ kò sàn ju ìjọba tí ó ń bá jà lọ.

Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí ń ta ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀ràn ìjọba wà lórí rẹ̀, wọn á tún tà á fún òṣìṣẹ́ tí ó fi ogún ọdún kó owó jọ. Ìjọba máa ń yọ apá kan sílẹ̀ fún abúlé nínú ilẹ̀ ńlá tí ó bá gbà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Èkó, a sì máa ń kọ ọ́ sí ìwé ìkéde ìjọba tí a ń pè ní gàsẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko, kí ó lọ wo gàsẹ́ẹ̀tì ná, kí ó sì ní kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ bá a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ tí wọ́n ń fi hàn án wà nínú èyí tí a yọ sílẹ̀. “Ilẹ̀ wa ni, kò sí wàhálà” kì í ṣe ẹ̀rí.

KÍ NI KÍ OLÓKO ṢE?

A kò fẹ́ kí ẹni tí ó ka ìwé yìí dìde lásán. Ìmọ̀ràn wa nìyí.

Kí ìjọba tó dé rárá, ẹ ní kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ya ilẹ̀ ẹbí yín sí ìwé. Bí agbára kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà bí ẹ ti mọ, pẹ̀lú odò, igi ààlà àti orúkọ àwọn tí ẹ jọ pa ààlà, kí ẹ sì mú un lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀. Àwọn àgbà tí ó mọ ààlà kò ní wà láyé títí láé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nígbà tí ohùn wọn ṣì ń jáde.

Bí ẹ bá rí òpó tàbí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ní oko, ẹ má ṣe yọ òpó náà, ẹ má sì ṣe lu ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ọ́fíìsì tí ó rán wọn, ẹ kọ nọ́ńbà òpó náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwé sí ọ́fíìsì náà láti béèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan.

Bí ìwé ìgbàlẹ̀ bá dé, ẹ kọ ọjọ́ tí ó dé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kà á, tàbí kí ẹ fún ọmọ tí ó kàwé kí ó kà á: ǹjẹ́ ó sọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Ẹ má ṣe gbé e sábẹ́ ẹní. Kí ẹbí pe ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n yan ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò máa bá ìjọba sọ̀rọ̀, kí ẹnìkan ṣoṣo má bàa dá nìkan di ẹnu gbogbo ilé. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ní ọjọ́ tí wọn yóò ka irè oko, kí olóko kọ̀ọ̀kan wà ní oko rẹ̀. Ẹ ti ka igi yín sílẹ̀ ṣáájú wọn. Ẹ ya fọ́tò oko, ilé àti kànga. Tẹlifóònù ọwọ́ àwọn ọmọ yín tó fún iṣẹ́ yìí. Bí iye tí wọ́n kọ kò bá bá tiyín mu, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìwé. Ẹ má ṣe tẹ ìka mọ́ ìwé tí ẹnìkan kò tíì kà sí etí yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ilẹ̀ mìíràn tí òfin ní kí a fún yín. Bí ẹ bá rí i pé ẹnìkan ń fi ilẹ̀ tí a gbà fún iṣẹ́ ìlú kọ́ ilé ìtura tirẹ̀, ẹ wá lọ́yà lọ. Bí apá ẹnìkan kò bá ká a, ẹ dá owó jọ. Iṣẹ́ ẹnìkan kọ́ ni ọ̀ràn ilẹ̀ ẹbí. Gbogbo ìlú ni ó wà lẹ́yìn Olúwa nígbà tí ó wọ ọkọ̀ òkun.

Ní ti àwọn tí ń ṣe òfin, ọ̀rọ̀ kan ni a ní fún wọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí a má ṣe ọ̀nà, kò sí ẹni tí ó ní kí a má kọ́ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí òpópónà bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, kò yẹ kí ó jẹ́ àgbẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò san owó rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ìjọba òyìnbó fẹ́ san owó okùn dípò owó ewúrẹ́, kóòtù sì ní kí ó san owó ewúrẹ́. Ìtìjú ni fún wa bí ọmọ onílẹ̀ bá ń gba kéré ju èyí lọ lọ́wọ́ ìjọba tí òun fúnra rẹ̀ dìbò yàn. Ẹ tún òfin náà ṣe, kí ilẹ̀ oko ní iye tirẹ̀ nígbà tí a bá gbà á. Títí di ìgbà náà, kí olóko má ṣe sùn. Kàkà kí ilẹ̀ kú, ilẹ̀ á ṣá.